ILOJO BAR: ṢÉ Ó YẸ KÍ KRISTẸNI DÁRÒ ILÉ ỌTÍ?

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà ní ilé ìsìn, tí àwọn Mùsùlùmí sì ń múra ọdún Iléyá tí yóò wáyé ní ọjọ́ kejì, ni wọ́n wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Tinúbú ní Èkó. Ilé náà kì í ṣe ilé kékeré nínú ìtàn. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Casa do Fernandez, èyí tí í ṣe Ilé Fernandez ní èdè Potogí. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ilé Ọláìyá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni Ilojo Bar, nítorí pé ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni.

Nígbà tí ìròyìn náà kàn, ariwo ta nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tí ó mọ iyì ohun àtijọ́ kígbe, wọ́n ní ìtàn Èkó ni wọ́n wó. Ṣùgbọ́n láàárín àwa onígbàgbọ́, kò sí ariwo púpọ̀. Bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba, àwọn kan nínú wa yóò béèrè pé, kí ni ti ọmọ Ọlọ́run nínú ilé ọtí tí ó wó? Ṣé kì í ṣe ọpẹ́ ni ó yẹ kí á dá?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n. A kò ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọtí. Ohun tí ọtí ń fi ojú àwọn ìdílé rí, láti Òkokomaikò títí dé Ìjanikin, kò ṣàjèjì sí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń sọ yìí ju ìgò àti ife lọ. Kí á tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí ó kọ́ ọ, àti ọ̀nà tí ó gbà dé Èkó.

Ní 1855, Èkó kò tíì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rin péré ni ó kọjá tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn jó ìlú náà ní oṣù Kejìlá 1851. Ọba Dòsùmú ni ó wà lórí oyè. Màdáámú Tinúbú, obìnrin olówó tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede náà títí di òní, ṣì wà ní Èkó. Ọdún kejì rẹ̀, ní 1856, ni wọ́n lé e jáde tí ó fi padà sí Abẹ́òkúta. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn wa kan ń padà bọ̀ láti ìlẹ̀ Brazil. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà.

Ta ni Àgùdà? Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Ogun ni ó kó wọn tàbí kó àwọn òbí wọn, wọ́n tà wọ́n ní etí òkun, ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn lọ sí Bahia. Níbẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́ iṣẹ́ birikílà, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ ọnà ara ilé. Ẹrú ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú ṣe ní Bahia ní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi owó tí wọ́n là kàkà kó jọ ra ara wọn padà, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n forí lé ilé. Brazil kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1888, nítorí náà ẹni tí ó bá padà ṣáájú ìgbà náà, oore-ọ̀fẹ́ ńlá ni ó rí gbà. Ẹ̀sìn ìjọ Pápá ni ọ̀pọ̀ wọn mú bọ̀; láti ara wọn ni a ti ń pe ìjọ náà ní Ìjọ Àgùdà títí di òní olónìí.

Ọwọ́ tí ó ti sin olówó ẹrú ni ó padà wá ń kọ́ ilé ní Èkó. Wọn kò kọ́ ọ bí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sókè, wọ́n tẹ orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kọdọrọ bí òṣùmàrè, wọ́n mọ òdòdó àti iṣẹ́ ọnà sára ògiri. Ilé Fernandez jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ. Àwọn Àgùdà oníṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn Holy Cross àkọ́kọ́ fún ìjọ Pápá ní nǹkan bí 1880. Àwọn náà ni ó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ilé ìjọsìn, mọ́sáláṣí, ilé ọtí: ọwọ́ kan náà ni. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn aláìbìkítà sí Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń kọ́lé fún.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń yà wá lẹ́nu nígbàkígbà tí a bá rò ó. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, baba wa nínú ìhìnrere, ọmọ Ọ̀ṣoògùn ni. Ogun kó o ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan dá ọkọ̀ náà dúró lórí omi, wọ́n kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ṣe kàwé, tí ó gbàgbọ́, tí a fi í jẹ àlùfáà ní 1843 àti bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì ṣe aṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè tí ìwọ àti èmi ń kà. Ká ní ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò rí wọn lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Brazil ni ì bá gúnlẹ̀ sí. Ó ṣeé ṣe kí ó kọ́ iṣẹ́ birikílà. Ó ṣeé ṣe kí ó padà sí Èkó gẹ́gẹ́ bí Àgùdà, kí ó sì wà lára àwọn tí ó ń po yẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé Fernandez. Sàró àti Àgùdà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọkọ̀ ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni a ń wò. Ẹni tí wọ́n dè ní ẹ̀wọ̀n gba orí omi lọ, ó sì padà wá kọ́lé sí ojú gbangba ìlú.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ ilé oúnjẹ àti ohun mímu? Láyé àtijọ́, Yorùbá kì í sanwó kí wọ́n tó sùn ní ìlú onílùú. Àlejò a wọ ilé ẹni tí ó mọ̀, tàbí ilé baálẹ̀, wọn a fún un ní omi, wọn a fún un ní ẹní. Ṣùgbọ́n Èkó di ìlú èrò. Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, oníṣòwò ń wá láti ibi gbogbo, ẹni tí kò ní ojúlùmọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn Àgùdà ti rí irú òwò yìí ní òkè òkun. Kì í ṣe ìdílé Fernandez nìkan ni ó ṣe é. Candido da Rocha, olówó Èkó tí ilé rẹ̀ wà ní òpópónà Kakawa, òun náà ni ó ni òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Bonanza. Baba rẹ̀, João Èsan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lọ sí Brazil ní kékeré, ni ó kọ́kọ́ dé. Kànga inú àgbàlá wọn ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ilé náà ní Water House, Ilé Olómi.

Bíbélì pàápàá kò kórìíra ilé èrò. Ilé èrò ni ará Samáríà gbé ọkùnrin tí ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́ lọ, ó sì san owó fún olùtọ́jú ilé náà (Lúùkù 10). Ọ̀rọ̀ Ráhábù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa mọ irú obìnrin tí ó jẹ́. Ilé rẹ̀ ni àwọn ayọ́lẹ̀wò méjèèjì wọ̀ sí ní Jẹ́ríkò. Nígbà tí odi ìlú wó, ilé tí okùn òdòdó wà lójú fèrèsé rẹ̀ ni a dá sí (Jóṣúà 2 àti 6), orúkọ obìnrin náà sì wà nínú ìran Olúwa wa (Mátíù 1). Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ni a fi ń mọ èyí tí ó yẹ ní wíwó, ilé Ráhábù ni ì bá kọ́kọ́ lọ.

Àwa ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tí ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láàárín ọdún 1980 sí 1999. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ilé sinimá, ibi tí wọ́n ti ń jó ijó ayé ní alẹ́ Àbámẹ́ta, ni àwọn ará ń gbá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń kó ìgò kúrò, tí wọ́n ń to àga, tí ẹ̀mí sì ń bọ̀ sọ́dọ̀ Kristi níbẹ̀. A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà lára bíríkì nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Tinúbú. Ní 1933, ìdílé Fernandez ta ilé náà fún Ọ̀gbẹ́ni Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá. Láti ìgbà náà ni ó ti di Ilojo Bar. Ní 1953, ìjọba ṣe òfin ìdáàbòbò ohun àtijọ́, ní 1956 sì ni a kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó ni ín pàápàá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wó o tàbí kí ó yí i padà láìgba àṣẹ. Òfin 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ tún fi ìdí èyí múlẹ̀.

Níbí gan-an ni ìṣòro wà, a sì fẹ́ kí àwọn baba àti ìyá ìdílé fara balẹ̀ kà á. Ìjọba fún ilé ní orúkọ ńlá. Ṣùgbọ́n òjò kò mọ orúkọ ńlá. Páànù ń dípẹtà, igi àjà ń jẹrà, ògiri ń la. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ẹni tí ó ra ilé ní 1933 ti lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ bí ọmọ, àwọn ọmọ náà bí ọmọ. Ogún tí ó jẹ́ ti ẹnì kan di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ Tinúbú, láàárín ọjà àti báńkì, owó ńlá ni. Ẹni tí ó ń wo ilé gbígbó tí kò lè tún ṣe, tí kò sì lè wó, tí ó tún ń gbọ́ iye tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń pa, ìdánwò wà níwájú rẹ̀. A kò sọ èyí láti dá ìdílé kankan lẹ́bi. Ọ̀ràn tí ó wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa ni, bí tiwa kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìròyìn.

Àwọn kan sọ pé ilé náà ti di eléwu, pé ó lè wó pa ènìyàn. Àwọn mìíràn ní àtúnṣe ni ó yẹ kí a ṣe, pé ó ṣeé tún ṣe. Àríyànjiyàn náà wà níbẹ̀ títí ọjọ́ Ìsinmi náà fi dé. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ohun ìrántí yóò fi pariwo, òkìtì àlàpà ni ó kù. Ọdún 161 ni ilé náà lò lórí ìdúró. Wọ́n ń sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i; èyí kì í ṣe irú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́. Àwọn ọwọ́ náà ti lọ.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Bí a bá dúró ní Ìjanikin, ojú títì kan náà ni ó lọ sí Èkó ní apá kan àti sí Àgbádárìgì ní apá kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ilé ìwé ti kó lọ sí Àgbádárìgì rí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀sà. Wọ́n ní 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti C.M.S. gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Crowther náà dé Àgbádárìgì ní 1845, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Igi Àgíà tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ wó ní 1959, òkúta ìrántí ni ó dúró sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà dúró. Kì í ṣe pé ó le ju ti Fernandez lọ. Ìjọ ni ó ni ín, ó ní ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ní àlejò tí ń wọlé.

Ilé tí ó ní iṣẹ́ ni ó máa ń rí olùtọ́jú. Ní Ebute-Metta, ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ̀gá àgbà Rélùwéè ní 1898, tí a mọ̀ sí Jaekel House, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán kí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy tó tún un ṣe. Wọ́n sọ ọ́ di ibi ìkó-ohun-ìtàn-sí àti ibi tí a lè gbà fún ayẹyẹ. Bí ẹ bá sì gba Seme kọjá, tí ẹ la Kútọnu àti Ouidah já, ẹ ó dé Grand-Popo ní ìlẹ̀ Benin. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà lọ. Síbẹ̀, àwọn kan tún ilé ìgbà Faransé ṣe ní etí òkun níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ilé èrò. Àlejò sùn, ó sanwó, a sì rí nǹkan fi kun ògiri. Bí ó ti yẹ kí ti Tinúbú rí nìyẹn, yálà wọ́n ta ọtí níbẹ̀ tàbí wọn kò tà. Oúnjẹ àti ibùsùn tó láti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró.

Kí ni èyí kan wá ní Ọ̀tọ̀-Àwórì? Ó kàn wá. Àwọn Àwórì fúnra wọn, ìtàn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn: wọ́n ní àwo kan ni Ọlọ́fin tẹ̀ lé lórí omi láti òkè wá, títí àwo fi rì ní Ìṣẹri. Kò sí àwo náà mọ́ láti fi han ọmọdé, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ilé àwọn baba ńlá ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá, ní Ọ̀tọ̀, àwọn náà ń dín kù. Láti 2009 tí iṣẹ́ ìfẹ̀sí títì Àgbádárìgì ti bẹ̀rẹ̀, a ti rí bí wọ́n ti ń wó ilé àti ìsọ̀ lójú ọ̀nà. Èyíinì, ìjọba ni ó wó o. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí títì kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìjà ọmọ ìyá ni ó dé ibẹ̀.

Jóṣúà pàṣẹ kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú Jọ́dánì, kí ọmọ tí kò sí níbẹ̀ lè béèrè ìdí rẹ̀ (Jóṣúà 4). Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀; kò sí ẹ̀yà tí ó dúró de ẹlòmíràn. Nínú àwọn ìdílé wa, ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé òkúta ni baba tí ó ṣì wà láàyè. Kí ó pe àwọn ọmọ jọ nísinsin yìí, àti ti ìyáálé àti ti ìyàwó, kí ó sọ èyí tí a kò gbọ́dọ̀ tà àti èyí tí a lè tà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò máa gba owó ilé àti iye tí a ó máa yọ nínú rẹ̀ fún òrùlé. Bí yàrá bá pọ̀ jù fún àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, kí wọ́n gba èrò sí i. Nígbà àpéjọ ńlá, ǹjẹ́ a kì í rí àwọn ará tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ń sùn sórí àga ní gbọ̀ngàn, nígbà tí ilé àtijọ́ oníyàrá mẹ́wàá wà ní títì pa ní àdúgbò kan náà?

A tún bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè orúkọ birikílà tí ó kọ́ ilé bàbá wọn. Ẹ máa rí i pé ìwọ̀nba ni yóò rántí.

Láti 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Láti Marina, Tinúbú kò jìnnà sí ẹni tí ó lè rìn. Ẹ ò ní bá Ilojo Bar níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè dé Kakawa kí ẹ wo Ilé Olómi, kí ẹ sì kọjá sí òpópónà Martins kí ẹ dúró lẹ́yìn odi, kí ẹ wo iṣẹ́ ọnà ara mọ́sáláṣí Shitta-Bey. Iṣẹ́ Àgùdà ni àwọn méjèèjì. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí ẹ sì lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé èrò máa ń pọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́.